Ẹ̀rọ Àwo Tuntun Ni, Àbí Abẹ́rẹ́ Tuntun?

Lẹ́tà lórí ẹ̀rọ àwo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin, ló pọ̀ jù nínú àpò wa lóṣù yìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti Èkìtì wá. Ó jọ pé àwọn èèyàn ti ń tú àjà ilé bàbá wọn wò. A yan mẹ́fà, a sì gé àwọn tó gùn nínú wọn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Audio-Technica AT-LP60X ni mo ti ń lò láti bí ọdún mẹ́ta, mo so ó mọ́ ámípílífáyà àti sípíkà onípákó méjì. Orin máa ń dára níbẹ̀rẹ̀ àwo, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ti ń súnmọ́ àárín, ohùn akọrin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, gbogbo “s” á máa ta létí. Mo ti ń tọ́jú owó fún ẹ̀rọ tó sàn jù ú lọ. Èwo ni kí n rà? Ṣé onibẹ́líìtì ló dára ni, àbí èyí tí kò ní in?
Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ohun méjì ló lè fa híha tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì nílò ẹ̀rọ tuntun.

Àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ yín ti gbó. ATN3600L ni orúkọ abẹ́rẹ́ tó bá ẹ̀rọ yín mu. Dáyámọ́ńdì ló wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí 500 kó tó jẹ. Àwo kan, lójú méjèèjì, ń gbà tó ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń gbọ́ àwo méjì lóòjọ́ á ti lo abẹ́rẹ́ náà tán láàárín ọdún kan àti díẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ wí. Ẹ ra abẹ́rẹ́ nìkan ná, kí ẹ gbọ́ ọ wò. Kò sí síkúrúù níbẹ̀: ẹ óò fa ti àtijọ́ wálẹ̀ láti iwájú, ẹ óò sì ti tuntun wọlé títí yóò fi dún “kọ́”. Títí dìgbà yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èyí tó ti gbó lu àwo tí ẹ fẹ́ràn mọ́. Dáyámọ́ńdì tó ti jẹ máa ń ní etí mímú, ìlà àwo ló sì ń fá. Èyí tó bá ti fá kò ṣeé dá padà.

Ohun kejì wà lára àwo fúnra rẹ̀. Àwo oníínǹṣì 12 ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, yálà abẹ́rẹ́ wà ní etí tàbí ó wà nítòsí àárín. Ní etí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ìlà ló ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí orin bá fi máa parí, ó ti kù sí bíi 21. Ohùn kan náà ni wọ́n há mọ́ àyè tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu róbótó sanra jù fún kọ̀rọ̀ ìlà tó há tó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ló kàn ń fò kọjá. Àwọn àwo jùjú tí wọ́n ti so orin pọ̀ láti etí dé àárín láìdúró ló máa ń fi èyí hàn jù, nítorí ibi tí onígángan ti gbóná jù ló bọ́ sí ibi tó há jù.

Abẹ́rẹ́ tuntun irú kan náà kò lè wo èyí sàn. Lórí AT-LP60X, kátíríìjì (àpótí kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú) kò ṣeé tú kúrò lára apá, ìwúwo apá náà kò sì ṣeé yí. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ tuntun bá ti wọlé tí “s” ṣì ń ta létí, ó tó àkókò kí owó tí ẹ tọ́jú jáde.

Èyí tí a máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó wà ní Adó ni AT-LP120X. Kò ní bẹ́líìtì rárá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ pílátà gan-an, ìyẹn irin róbótó tí àwo ń jókòó lé. Ìwúwo apá rẹ̀ ṣeé yí, orí apá rẹ̀ ṣeé tú, ó sì ń yí ní 33⅓, 45 àti 78. Kátíríìjì AT-VM95E ló bá a wá. Ẹnu abẹ́rẹ́ yìí kò róbótó: ó fẹ̀ lójú kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lójú kejì, ojú tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló sì ń ráyè wọ kọ̀rọ̀ ìlà. Bí ọdún bá yí po tí ọwọ́ yín tún le, ẹ kàn máa fa abẹ́rẹ́ yẹn yọ, ẹ óò fi VMN95ML sí ara kátíríìjì kan náà. ML yìí mọ́ ju E lọ dáadáa ní apá àárín àwo, ó sì máa ń pẹ́ tó ìlọ́po méjì ẹlẹ́nu róbótó. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹ̀rọ yìí kì í dá apá padà fúnra rẹ̀ bíi tiyín. Bí àwo bá parí, ẹ̀yin lẹ máa dìde gbé e.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé Technics SL-1200MK2 ni kẹ́ ẹ rà. Wọn ò parọ́. 1979 ni MK2 jáde, ìdílé SL-1200 kò sì kúrò ní ilé iṣẹ́ títí di 2010, kí wọ́n tó tún dá a padà ní 2016. Apá rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ga ju ti LP120X lọ. Àmọ́ tòkunbọ̀ ni MK2 tí ẹ máa rí báyìí, kì í bá kátíríìjì wá, kò ní phono nínú (èyí tó ń gbé ohùn kátíríìjì ga kó tó dé ámípílífáyà), kò sì ní 78. Ẹ ka gbogbo ìyẹn mọ́ owó rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọ̀kan, ẹ gbé pílátà rẹ̀ kúrò kí ẹ tó sanwó. Ojúlówó Technics ní mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó rí róbótó lábẹ́ pílátà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì àti púlì kékeré lẹ bá níbẹ̀, àfarawé ni. Ẹ tàn án, ẹ wo àwọn àmì etí pílátà nínú iná pupa yẹn: ọ̀wọ́ tí àmì rẹ̀ tóbi jù gbọ́dọ̀ dúró gbári bí ìtẹ̀ pitch (èyí tó ń mú eré yá tàbí falẹ̀) bá wà ní òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ di orí apá mú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ìdí apá bá ń yẹ̀ tàbí tó ń dún kẹ́kẹ́, bẹ́rìnnì rẹ̀ ti lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Iná kékeré tó ti kú tàbí okùn ohùn tó ti já kì í ṣe bàbàrà, oníṣẹ́ rédíò á fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ra.

Lórí bẹ́líìtì: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo tó dára jù lágbàáyé ló ń lo bẹ́líìtì. Pro-Ject Debut Carbon EVO, tó bá kátíríìjì Ortofon 2M Red wá, ń kọrin ju LP120X lọ létí tiwa. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni bẹ́líìtì. Ooru ilé onípáànù máa ń mú kó fà, bó bá sì já, ẹ kò ní rí òmíràn rà ní Ọjà Ọba. Ẹni tí onibẹ́líìtì bá wù kó ra bẹ́líìtì méjì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, kó sì fi wọ́n sínú ọ̀rá níbi tí oòrùn kò dé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, bí ẹ bá ṣe tò ó ni yóò sọ bóyá owó yín wọlé tàbí ó ṣòfò. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó wúwo tí sípíkà kò sí lórí rẹ̀, kí pílátà tẹ́jú (ẹ gbé fóònù tó ní léfẹ́ẹ̀lì lé e). Ẹ dá anti-skate (èyí tí kì í jẹ́ kí apá fà sí àárín jù) sí 0. Ẹ yọ ìbòrí abẹ́rẹ́, ẹ tú apá kúrò lórí ìdè rẹ̀, kí ẹ máa yí irin ìdí apá síwá sẹ́yìn títí apá yóò fi léfòó gbọọrọ láìwálẹ̀ láìgòkè. Èyí gba sùúrù. Bó bá ti bọ́ sí i, bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀, á mì, á sì tún padà síbi tó wà. Ẹ dá apá padà sórí ìdè. Ẹ wá di irin náà mú kó má yí, kí ẹ yí òrùka olónọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ nìkan di 0. Ìgbà yìí ni ẹ óò yí irin àti òrùka pọ̀ títí nọ́ńbà yóò fi kan 2, ìyẹn gíráàmù 2.0 tí AT-VM95E ń fẹ́. Bó bá jẹ́ 2M Red ni, 1.8 ni. Ẹ dá anti-skate sí iye kan náà.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí apá bá ṣe fúyẹ́ tó ni àwo yóò ṣe pẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù á máa fò, á máa gbá ògiri ìlà lọ́tùn-ún lósì, èyí sì ń ba àwo jẹ́ ju kí apá wúwo díẹ̀ lọ. 1.8 sí 2.2 ni AT-VM95E fàyè gbà. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ ju 1.8.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ àwo onibẹ́líìtì àtijọ́ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. 120V 60Hz ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníná wa fi sítẹ́ẹ̀pù-dáùn sí i, ó tàn, kò sì jó, ṣùgbọ́n orin ń wọ́ nílẹ̀, ohùn obìnrin di ti ọkùnrin. Mo ra bẹ́líìtì tuntun, kò yàtọ̀.
Oníṣòwò kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Bẹ́líìtì kò jẹ̀bi, oníná yín náà kò jẹ̀bi. Sítẹ́ẹ̀pù-dáùn ń sọ 230V di 120V, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan nọ́ńbà kejì, 60Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tiwa jẹ́ 50Hz. Irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú àwọn onibẹ́líìtì àtijọ́ kì í wo fóòtì láti mọ bí yóò ṣe sáré tó, Hz ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà 33⅓ ti di nǹkan bíi 27.8, 45 sì ti di 37.5. Ojú àwo tó yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú á gba mẹ́rìnlélógún. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ lẹ bébà pélébé kan mọ́ etí pílátà, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí po láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta gééré. 100 ló yẹ kó jẹ́. Tiyín á wà ní bíi 83.

Púlì ni àtúnṣe rẹ̀, ìyẹn irin kékeré orí ẹ́ńjìnnì tí bẹ́líìtì fi kọ́. Púlì 50Hz tóbi ju ti 60Hz lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe púlì 50Hz fún un, torí ọ̀pọ̀ wọn ṣe é fún ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀gbọ́n yín sì lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí, ẹ mú ti ọwọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lathe gé irin, kó fi idẹ gbẹ́ òmíràn. Ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe kí ẹ kàn sọ ìbú púlì di ìlọ́po 1.2. Ẹ kọ́kọ́ ro nínípọn bẹ́líìtì mọ́ ọn. Bí púlì bá jẹ́ mílímítà 10, tí bẹ́líìtì nípọn tó ààbọ̀ mílímítà, 10.5 lọ́nà 1.2 jẹ́ 12.6. Ẹ yọ ààbọ̀ yẹn kúrò, ó ku 12.1. Bó bá jẹ́ olójú méjì (33 àti 45), méjèèjì ni kó tún gbẹ́. Kí ihò rẹ̀ sì bọ́ sí àárín gbùngbùn, torí púlì tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á mú ohùn máa lọ sókè sódò, ẹ ó sì gbọ́ ọ níbi tí akọrin bá ti fa ohùn gùn. Kó tó gé irin, kí ó wọn ọ̀pá ẹ́ńjìnnì gan-an, kó má wo púlì àtijọ́ nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 50/60Hz sí, tàbí tó ń lo ádápítà tó gba 100 dé 240V, kò ní fún yín ní ìṣòro yìí. AT-LP120X àti Debut Carbon EVO tí a sọ lókè ń lo ádápítà. Technics SL-1200MK2 ti Amẹ́ríkà fẹ́ sítẹ́ẹ̀pù-dáùn, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ lé Hz, eré rẹ̀ kò ní yẹ̀. Ti Japan ni kí ẹ ṣọ́: 100V ni iná tiwọn, sítẹ́ẹ̀pù-dáùn 110 tàbí 120 tí wọ́n ń tà káàkiri ga jù fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ra SL-1200MK2, mo fi kátíríìjì 2M Red sí i, mo so ó mọ́ AUX hóòmù tíátà. Mo ní láti gbé fọ́líọ̀mù dé òkè kí n tó gbọ́ nǹkan, ìlù kò rinlẹ̀, “hùùùn” kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà míì, sípíkà ọ̀tún á dákẹ́.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìwòròkó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Àìsàn mẹ́ta lo kó jọ síbẹ̀, àbúrò, kò sì sí èyí tó burú nínú wọn.

Ohùn tó kéré: 2M Red ń mú mílífóòtì 5.5 péré jáde. AUX ń retí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílífóòtì. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí wọ́n ń gé àwo ni wọ́n ti dín ìlù abẹ́ kù tí wọ́n sì gbé ohùn òkè ga, kí ìlà má baà fẹ̀ jù, kí ariwo abẹ́rẹ́ sì lè rẹlẹ̀. Àpótí phono ló ń yí gbogbo rẹ̀ padà: á sọ ohùn di bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, á sì dá ìlù padà sípò. Ra èyí tí wọ́n kọ MM (irú kátíríìjì tìrẹ) àti 47k sí lára. Fi í sáàárín Technics àti AUX. Bó o bá lo èyí tó wà fún MC, ohùn á fọ́ ni, torí kátíríìjì tó kéré ju tìrẹ lọ ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá sì ra ámípílífáyà tó ní ojú PHONO lọ́jọ́ iwájú, má fi àpótí phono kún un mọ́. Phono méjì lórí ara wọn á máa bú gbàràmù ni. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

“Hùùùn”: Technics ní waya tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jáde pẹ̀lú okùn ohùn méjèèjì, orí rẹ̀ rí bíi fọ́ọ̀kì. Waya ẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó so ó mọ́ hóòmù tíátà sábà máa ń fi sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro, torí kò ríbi fi sí. Àpótí phono ní síkúrúù tí wọ́n kọ GND sí, abẹ́ rẹ̀ ni kó o dè é mọ́. Bí “hùùùn” bá ṣì kù, gbé ọwọ́ lé apá irin: bó bá yí padà, ẹ́ẹ̀tì náà kò tíì múlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń pọ̀ sí i bí apá ṣe ń lọ sí àárín, tìráńsífọ́mà kan wà nítòsí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Gbé ámípílífáyà tàbí sítẹ́ẹ̀pù-dáùn jìnnà tó mítà kan.

Sípíkà ọ̀tún: tú orí apá kúrò, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wàá rí ojú irin kéékèèké mẹ́rin. Fi rọ́bà ìpàwérẹ́ pẹ́ńsù rà wọ́n títí wọn yóò fi dán, kó o sì fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n. Ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bí kò bá yí padà, wo waya mẹ́rin inú orí apá: funfun àti búlúù jẹ́ ti òsì, pupa àti àwọ̀ ewé jẹ́ ti ọ̀tún. Pààrọ̀ ti òsì sí ọ̀tún lẹ́yìn kátíríìjì. Bí ìdákẹ́ bá bọ́ sí òsì, kátíríìjì ló ni ẹjọ́. Bó bá dúró sí ọ̀tún, waya tàbí okùn ni. Pa ámípílífáyà kó o tó fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn, kó o sì fi ìbòrí sórí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tí súkúrúdíráfà bá gbá kò ṣeé tún tọ́.

Ohun mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe: má gbé Technics lé orí sípíkà, bó ti wù kí yàrá kéré tó. Ìmìtìtì ìlù á gba inú pákó dé abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á tún dá a padà sí sípíkà, á wá di híhu tí kò lópin. Pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri bíríkì ló dára jù.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi fi àwo sílẹ̀ fún wa. Àwọn kan wúwo, wọ́n ṣeé fọ́ bí àwo oúnjẹ, 78 ló wà lára wọn. Ọmọ mi ra ẹ̀rọ inú àpótí onídìmú kan fún mi, ó ní gbogbo rẹ̀ ló ń lù. Ó ń fò lórí àwọn oníínǹṣì 12. Ẹnìkan ní kí n fi owó irin lé orí apá.
Ìyá kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé owó irin yẹn kúrò. Apá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wúwo tó gíráàmù 5 sí 6, nígbà tí ti ẹ̀rọ tó dáa jẹ́ bíi 2. Kì í ṣe torí pé ó fúyẹ́ ló fi ń fò. Sípíkà inú àpótí kan náà ló ń mì ín, pílátà rẹ̀ kéré débi pé àwo ńlá yọ síta lórí rẹ̀, apá rẹ̀ sì kúrú. Ẹ dín fọ́líọ̀mù kù, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, á dín fífò kù. Àmọ́ àwọn àwo tí ẹ kò lè rí irú wọn mọ́, ẹ má fi í lù wọ́n lójoojúmọ́.

Ti 78, abẹ́rẹ́ àwo ńlá kò bá a mu rárá. Ìlà 78 fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí abẹ́rẹ́ kékeré ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú ìdọ̀tí, láìkan ògiri méjèèjì tí ohùn wà. Ìdí nìyí tí sákárà àti jùjú àtijọ́ fi ń dún bí ẹni ń dín ẹ̀pà. Ẹnu abẹ́rẹ́ 78 tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún. Bí ẹ bá lè ra AT-LP120X tí a sọ fún Tíṣà lókè, abẹ́rẹ́ VMN95SP wọ ara kátíríìjì rẹ̀ tààrà, ti 78 nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Gíráàmù 5 ló ń fẹ́, nọ́ńbà ara òrùka ọ̀pọ̀ apá kò dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ lu àwo ńlá padà, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kí ẹ sì dá ìwúwo padà sí 2. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó kọ ọ́ sí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Kí ẹ má ṣe fi sípírítì nu 78 láéláé. Shellac ni wọ́n fi ṣe é, sípírítì sì ń yọ́ shellac. Aṣọ tó rọ̀ tí ẹ fi omi rẹ díẹ̀ ti tó, kí ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tò wọ́n jọ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ nà wọ́n ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ̀rọ àwo mi a máa sáré. Lórí ínfátà, ó ń kùn. Kí ló dé?
Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

ÌDÁHÙN: A mọ irú ẹ́ńjìnnì tí tiyín ní: irú ti Ìkẹ́rẹ́ lókè yẹn ni, tó ń tẹ̀ lé Hz. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ lè máa fúnni ní 52Hz, 33⅓ á sì di bíi 34.7. Ẹ tan bọ́ọ̀bù àti fáànù díẹ̀ mọ́ ọn, á rọ̀, àmọ́ kò ní dúró sójú kan. Ẹ má sì fi bébà onílà tí wọ́n ń gbé lé pílátà wọn eré lórí jẹnẹrétọ̀. Ìlà 180 tó wà lórí rẹ̀ fún 33⅓ ń dúró gbári lábẹ́ iná 50Hz nìkan, bí iná fúnra rẹ̀ bá sì yẹ̀, bébà á parọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kíka 100 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í parọ́.

Ti ínfátà, ẹ wo ara rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ pure sine sí i, ìgbì iná rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kùn, á sì máa gbóná. Ẹ̀rọ tó ń lo ádápítà máa ń fara dà á ju èyí lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lórí àwo, ẹ kọ́kọ́ yí fọ́líọ̀mù sísàlẹ̀, kí ẹ tó fi ìgbápá gbé apá sókè. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iná á dé lójijì, ìró tó máa bú jáde lè já kóònù sípíkà.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà ọyẹ́, gbogbo àwo mi ń ta pàràpàrà. Kẹrosínì ni mo fi ń nù ún. Ṣé ó dáa?
Òmùò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kò dáa. Kẹrosínì ń fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú ìlà, eruku tó bá sì bọ́ sí i á di àmọ̀. Omi distilled ni kí ẹ lò, irú èyí tí àwọn oníbátìrì ń tà. Ẹ kàwé ara ike rẹ̀ dáadáa, torí ásíìdì bátìrì wà lórí tábìlì kan náà. Líítà kan omi, ọṣẹ ìfọwo olómi bíi ìkán méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi aṣọ tó rọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ máa tẹ̀ lé ìlà yíká, ẹ má nù ún láti àárín wá sí etí. Kí bébà àárín àwo má rẹ. Ẹ fi omi distilled tí kò lọ́ṣẹ ṣan án, ẹ nà án ró sínú agbeko àwo oúnjẹ nínú ilé, kó gbẹ fún wákàtí kan ó kéré tán, kì í ṣe nínú oòrùn.

Pàràpàrà tó bá kù lẹ́yìn èyí, gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló fà á. Fífà tí ẹ fa àwo yọ nínú páálí ló gbé iná kékeré sí i lára, iná yẹn ló ń fa eruku mọ́ ọn. Búrọ́ọ̀ṣì onírun kábọ̀nù ni kí ẹ rọra gbé lé àwo bó ṣe ń yí, kó yí bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ dé ọmọrí ẹ̀rọ bí ẹ kò bá lò ó. Bí bébà inú páálí bá sì ti bu nígbà òjò tó kọjá, ẹ jù ú nù kí ẹ ra tuntun, torí ẹ óò kàn máa dá àwo tó mọ́ padà sínú ìdọ̀tí ni.